Wáyà Tí Kò Yẹ Kó Gbóná

"Áńtí Rachel, ẹ má wọ ibẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ràsákì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iná ilé iṣẹ́ wọn, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà náà. Aago méjìlá ọ̀sán ni. Oòrùn ń ràn gan-an lórí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn obìnrin tó ń kó abọ́ ike sínú páálí ní yàrá kejì sì ń tàkúrọ̀sọ. Rachel Ọmọ́ṣaléwá tẹ́tí. Ó gbọ́ ọ: ohùn kan ń kùn, ó nípọn, bí ẹni tó pa ẹnu dé tó ń kọrin.

"Ohùn Ọ̀gá Gilbert nìyẹn," ni Ràsákì wí. "Ọdún méje ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń kùn nídìí iṣẹ́ nìyẹn."

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n bá Gilbert Fáyọ̀kẹ́, oníná ilé iṣẹ́ náà, ní òkú nínú yàrá yẹn, iná ló gbé e. Máníjà ní ó mutí wá síbi iṣẹ́ ni, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Wọ́n gba Rachel sípò rẹ̀, ọmọ Ayépé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Lónìí, máníjà fẹ́ kó buwọ́ lùwé pé iná ilé iṣẹ́ náà kò ní àléébù kankan.

Rachel wọlé. Inú yàrá náà móoru ju ìta lọ, ó sì ń rùn bí ọ̀rá tó ń jó díẹ̀díẹ̀. Ó wo mítà pawa-fátọ̀ lára ògiri, èyí tó ń sọ bí iná tó wọlé ṣe ń di iṣẹ́ tó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sórí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára gan-an. Ó wá na ẹ̀yìn ọwọ́ sí wáyà níútírà, èyí tó ń dá iná padà, tí kò yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé nǹkan kan, nítorí wáyà mẹ́ta yòókù ti pín ẹrù náà dọ́gba. Kò tíì fara kàn án tó fi yára fa ọwọ́ padà. Ó gbóná bí ààrò.

Ohùn náà ń kùn lọ.

Ó fi mítà àfihá tí Gilbert fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi há wáyà láti mọ iye iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ka ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta náà: ogójì. Ó mú èyí tí olùkọ́ rẹ̀ yá a jáde, tó ń ka iná bó ti wù kó wọ́ tó. Ó fi há wáyà kan náà: ọgọ́ta. Ó jókòó sórí àpótí, ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pawa-fátọ̀ náà kò ju márùndínláàádọ́rin lọ.

Máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Frederick Ṣóyẹmí, yọjú. "Ṣé o ti buwọ́ lù ú?"

"Rárá, sà. Mítà ara ògiri yìí ń wò bóyá iná tètè dé tàbí ó pẹ́ dé ni, kì í wo bó ṣe rí. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tẹ́ ẹ rà nígbà Àjíǹde, kí Ọ̀gá Gilbert tó kú, kì í fa iná geere, gígé ni wọ́n ń gé e. Àwọn ègé yẹn ló ń kóra jọ sínú níútírà. Àwọn náà ló ń kùn."

"Mítà yẹn kò ṣì kà rí."

"Kò sí irú ẹ̀rọ báyìí níbí rí, sà."

Rachel ní kí Ràsákì pa ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn náà gé lójijì, bí ìgbà tí wọ́n fọwọ́ bo ẹnu ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló pa suwíìṣì àgbà. Gbogbo ilé iṣẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn obìnrin náà sì dákẹ́. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ ara ògiri kò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró gbọin sórí mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, bí ojú tí kò ṣẹ́. Rachel mọ̀ pé kò ní sípíríǹgì tó máa fà á padà. Ìmọ̀ yẹn kò ní kí ara rẹ̀ má bù máṣọ.

Ó tú ìdérí àpótí iná. Ìdè níútírà ti jó dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojú ibì kan wà tí wáyà náà ti jó já rí, tí wọ́n fi ègé mìíràn so pọ̀.

"Ta ló so èyí?"

"Ẹnì kan tí máníjà pè wá lọ́jọ́ kejì tí Ọ̀gá Gilbert kú," Ràsákì fèsì. "Ó ní ó já ni."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Rachel. Wáyà tí gbogbo oníná gbà pé kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan ni Gilbert fọwọ́ kàn. Ó ti já, iná sì ń dúró dè é ní ojú ibi tó já. Á ti wo mítà kó tó fọwọ́ kàn án, mítà á sì ti sọ fún un pé kò séwu.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán," máníjà wí, kò wo ojú rẹ̀. "Má kọ ọ́ sínú ìwé."

"Ẹ ti mọ̀, sà?"

Máníjà na bírò sí i. Rachel dá ìwé náà padà fún un láìbuwọ́ lù ú. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti suwíìṣì àgbà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì jáde lọ wọ mọ́tò Odogbolu, níbi tí ìyàwó Gilbert ń gbé.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyáàfin Helen, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Gilbert? Èmi ni mo wà nípò wọn báyìí." Ó kúnlẹ̀. "Ọkọ yín kò mutí lọ́jọ́ yẹn."

Helen dì mọ́ ilẹ̀kùn. "Mo mọ̀. Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

Helen wò ó títí, ó wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọlé," ló wí. "Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."