Ohun tí Máìkì Gbọ́

Abdulqowiyy pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín yàrá, ó dijú, ó sì ń tẹ́tí bí ẹni tó ń retí kí ògiri dá a lóhùn. Kareemah, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́. Ó ń wo ọkọ, ó ń wo ògiri, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ dojú ọ̀rọ̀ kọ.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni ọkọ rẹ̀ wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Kò sí gbohùngbohùn mọ́. Aṣọ yẹn ti mu ún."

Aṣọ tó ń wí ni kíjìpá tí ìyá Kareemah fún un nígbà ìgbéyàwó, èyí tí ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ hun ní Kuta. Ọkùnrin yìí yọ ọ́ kúrò nínú àpótí, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri bí ẹni ń kan àwòrán olóṣèlú. Búláńkẹ́ẹ̀tì Hikmat, ọmọ wọn, wà lára ògiri kejì. Ibùsùn ti di ti kọ̀rọ̀, àga kan àti máìkì ló gba ipò rẹ̀.

Olùkọ́ ni Abdulqowiyy nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìwó. Ó ń ta gìtá, ó ń kọ orin ẹ̀sìn, ó sì ti pinnu pé inú yàrá òun ni òun yóò ti gba orin òun sílẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ kò ká owó àwọn tó ń gbani lórin sílẹ̀. Kareemah kò bá a jà sí ìyẹn. Nígbà tó kó páálí ẹyin jọ, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri, Kareemah gbé e mì. Nígbà tí ẹnì kan sọ fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé páálí ẹyin kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, pé aṣọ tó nípọn ló ń ṣiṣẹ́, tó sì ya gbogbo páálí náà tòun ti ọ̀dà ilé, Kareemah tún gbé e mì. Ti kíjìpá yìí ni kò ní ṣeé gbé mì.

Ó ti ń lọ síbi ògiri kó lọ tú aṣọ rẹ̀ nígbà tó ṣàkíyèsí pé yàrá náà parọ́rọ́ jù. Ó gbójú sókè. Fáànù ń yí, kò sì dún. Fáànù tó ti ń ké láti ìgbà tí Hikmat kò tíì já lẹ́nu ọmú! Ó ti bẹ ọkọ rẹ̀ títí lórí rẹ̀, ìdáhùn tó ń gbà ni pé fáànù tó bá ti ń fẹ́ atẹ́gùn ti ṣe tiẹ̀. Ó wo ilẹ̀: wọ́n ti fi rọ́bà dí abẹ́ ilẹ̀kùn tí eruku àti aáyán ń gbà wọlé. Gíláàsì fèrèsé tó máa ń gbọ̀n bí kẹ̀kẹ́ bá ti kọjá ti dúró gbọn-in.

"Ìgbà wo lẹ tún gbogbo èyí ṣe?"

"Àárọ̀ yìí. Máìkì ò jẹ́ n gbádùn. Gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́. O ò lè mọ̀ pé ariwo inú yàrá yìí pọ̀ tó báyẹn."

"Èmi ni n ò lè mọ̀?"

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ti ń sùn lábẹ́ ariwo láti ọjọ́ yìí, òun ni wọ́n ń fi ariwo hàn. Ohun èlò tó wọlé lánàá wí tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ rẹ̀ gun àga, ó tú fáànù. Kareemah gbé àpò sílẹ̀.

"Ọ̀la ni wọ́n ń retí èsì mi l'Óṣogbo," ni ó wí. "Kí lẹ wí sí i?"

"Òṣogbo wo?"

Nọ́ọ̀sì ni Kareemah. Ilé ìwòsàn kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìwó, àwáwí ni wọ́n ń san fún un lóṣooṣù. Ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Óṣogbo wá pè é síṣẹ́. Bí kò bá fèsì lọ́la, wọn yóò fún ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí ọkọ rẹ̀ máa lọ mú Hikmat nílé ìwé, kó sì mú un dé ilé kéú. Ó ti sọ ọ́ fún un nígbà tó ń lẹ páálí ẹyin. Ó sọ ọ́ lórí ọ̀kadà nígbà tí wọ́n ń ti Olúpọ̀nnà bọ̀. Ó sọ ọ́ lórí ibùsùn. Ohun tí ọkùnrin náà sì ń wí nígbà gbogbo ni pé òun ti gbọ́.

Kareemah jókòó sórí àga tó wà níwájú máìkì. "Ẹ tàn án."

Inú Abdulqowiyy dùn. Ó ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó wá bá òun gbe orin. Ó fi ohun ìgbọ́hùn bo etí ara rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó juwọ́ sí i pé kó máa bá a lọ.

"Bàbá Hikmat," ni Kareemah wí, kò pariwo. "Mo ti ríṣẹ́ l'Óṣogbo. Mo ti ń sọ ọ́ fún yín, ẹ ní ẹ gbọ́. Mo sọ fún yín pé fáànù ń dún, ẹ ò gbà àfi ìgbà tí máìkì gbọ́ ọ. Ó dáa, kí máìkì bá mi gbọ́ èyí náà. Mo máa gba iṣẹ́ yẹn. N ò tọrọ àyè mọ́, mo ń wí fún yín ni."

Abdulqowiyy lanu láti fèsì, ó sì pa á dé nítorí kí ohùn rẹ̀ má baà wọnú ohun tí máìkì ń gbà sílẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ó dá ọ̀rọ̀ náà padà, ó tún un gbọ́, orí rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yọ ohun ìgbọ́hùn kúrò létí, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n ń jáde níléèwé Hikmat?" ni ó bi í.

Kareemah ti múra èsì sílẹ̀ fún 'rárá', fún 'kí ni ìyá mi yóò wí?', fún 'kí ni aráyé yóò wí?' Kò múra fún ìbéèrè yìí. Ó dùn ún ju àtakò lọ. Bàbá ọmọ rèé, tí ọmọ ti wà níléèwé náà láti jẹ́léósinmi!

"Hikmat wà lẹ́yìnkùlé," ni ó wí. "Ẹ lọ bi í. Kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ọ tán."

Abdulqowiyy dìde, ó jáde. Láìpẹ́, Kareemah gbọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ náà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn Òṣogbo.

"Ẹ káàsán mà," ni ó wí. "Kareemah ni, láti Ìwó. Mò ń bọ̀."