Ọjọ́ Tí Ìyá Ààrò Rí Inúnibíni Tirẹ̀

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ mi dáadáa. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé wá jókòó. Ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó sọ nǹkan kan, kó fi díẹ̀ pamọ́, a ṣì máa lò ó. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ààrò ni mo fẹ́ sọ, ó sì gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ìyá Ààrò kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń dúró níwájú ààrò ńlá kan nílé búrẹ́dì, ààrò bíríkì tí wọ́n ń fi igi dáná sí. Ṣọ́bìrì onígi gígùn ló fi ń ti páànù búrẹ́dì wọlé, òun náà ló fi ń fà wọ́n jáde. Iná ti jó irun ojú rẹ̀ òsì dànù tipẹ́, kò sì hù mọ́. Nítorí náà, bó bá rẹ́rìn-ín, ojú kan á máa rẹ́rìn-ín, ojú kejì á dà bíi pé ẹnu ń yà á.

Kò sí aago níbẹ̀. Èyí tó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, ooru ti ká ojú rẹ̀ kò bí ewé gbígbẹ. Orin ni aago wọn. Orin kan ṣoṣo, ẹsẹ mẹ́rin, tí Ìyá Ààrò fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹsẹ àkọ́kọ́ nìyí:

*Iná ń jó, ọkàn mi tutù,*
*Jésù dúró tì mí, ara mi yá.*
*Ilẹ̀kùn lè tì, fèrèsé lè tì,*
*Jésù Olúwa ti wọlé tẹ́lẹ̀.*

Bí páànù bá ti wọlé, orin bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà méje, búrẹ́dì ti jinná. Bí iná bá le, orin á yára díẹ̀. Bí igi bá tutù, orin á fà. Apòyẹ̀fun, ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun ní yàrá kejì, kì í ṣe onígbàgbọ́ rárá, ṣùgbọ́n òun ló ń bá a kà á. Á kàn pariwo láti ọ̀hún pé, “Ìyá wa, ìgbà karùn-ún nìyẹn o!” Ìyá á sì dáhùn pé, “Mo gbọ́, ọkọ mi!”

Ó dùn mọ́ ọn, iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn gan-an. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún.

Ní ìlú yẹn, àwọn tó ń tẹ̀lé Jésù kò pọ̀, àwọn èèyàn kò sì fẹ́ràn wọn. Mẹ́fà péré ni wọ́n, wọ́n máa ń pàdé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Àwọn ẹbí télọ̀ náà ti lé e jáde nílé nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Káfíńtà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ti lu eyín rẹ̀ méjì yọ nítorí ìgbàgbọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ń jẹ́rìí, olúkúlùkù a máa dìde sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bó bá wá kan Ìyá Ààrò, a sọ pé, “Ara mi le, ẹ ṣeun,” a sì jókòó. Ẹnì kan kò tíì pòṣé sí i rí!

Ó máa ń gbàdúrà níbi ààrò pé, “Olúwa, ṣé èmi ò tó ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ni?”

Télọ̀ gbọ́ àdúrà yìí lọ́jọ́ kan tó wá ra búrẹ́dì, ó ní, “Ẹ̀yin Ìyá yìí! Ṣé iyọ̀ ni, tí ẹ fi ń tọrọ ẹ̀?”

Àfi bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ kan, tí ẹni tó ni ilé búrẹ́dì fi ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe máníjà tuntun. Máníjà wọlé ní kùtùkùtù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà tó ń dún kíẹ́kíẹ́. Ó bá ìyá nídìí orin.

“Ta ló ń pariwo Jésù níbí?”

“Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ káàárọ̀ o.”

“Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ilé búrẹ́dì nìbí. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí, ẹ ti ń pọ̀ jù! Bí mo bá tún gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu yín, iṣẹ́ yín tán níbí.”

Ìyá Ààrò gbé ṣọ́bìrì kalẹ̀. Ó súnmọ́ ọ̀gá. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ṣé torí Jésù ni, àbí torí pé ohùn mi ò dáa?”

“Ohùn yín ò burú. Jésù yẹn ni mi ò fẹ́.”

“Ẹ ṣeun!” ni ìyá sọ. “Ẹ ṣeun gan-an ni! Olúwa á bù kún yín!”

Máníjà wò ó sókè, ó wò ó sódò, bàtà rẹ̀ sì dún kíẹ́kíẹ́ lọ sínú ọ́fíìsì.

Ìyá Ààrò sáré wọ yàrá kejì bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. “Ó ti dé! Ó ti dé!”

“Kí ló dé?” Apòyẹ̀fun gbé ọwọ́ sókè, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. “Ṣé igi ni?”

“Inúnibíni! Tèmi! Ojúkojú ló ṣe é, ó tiẹ̀ dárúkọ Jésù sí i!”

“Ìyá wa, ẹ rọra o. Bí ẹ bá fi ijó ṣubú sínú iná, ta ló máa jẹ́rìí fún yín?”

Lọ́jọ́ náà, búrẹ́dì igba ni ilé ìwé tó wà nísàlẹ̀ títì ń retí, oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ni. Ìyá ti páànù wọlé, ó pa ẹnu dé, ó ń kọ orin rẹ̀ nínú ikùn. Àmọ́ ayọ̀ ti gun orin náà bí ẹṣin. Orin ń sáré! Kí ìgbà kejì tó parí, ìyá ti dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ó ti ń rò ó bóyá gèlè aláwọ̀ búlúù ni òun máa wé. Ó ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́. Ibi tí káfíńtà ti ń nu omijé lorin náà ti parí nígbà keje. Nítorí pé inú ikùn ló ti ń kọ ọ́, Apòyẹ̀fun kò gbọ́ nǹkan kan tó lè bá a kà.

Ó fa búrẹ́dì jáde. Ojú wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, torí iná le. Máníjà mú ọ̀kan, ó fà á ya. Inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ márààrún.

“Kí lèyí? Ìyẹ̀fun tútù! Apòyẹ̀fun!”

“Ọ̀gá.”

“Ìwọ lo pò ó. Iṣẹ́ òmùgọ̀! Bọ́ épúrọ́ọ̀nù yẹn, kí o máa lọ.”

Apòyẹ̀fun kò jiyàn. Ó wo ẹnu ààrò, ó wo Ìyá Ààrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ ẹni tó ṣe é, kò sì dárúkọ rẹ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, orin inú Ìyá Ààrò dákẹ́.

Ó rò ó. Bí òun bá dákẹ́, ìjẹ́rìí òun ṣì wà ní odindi: ìyá tí wọ́n fi orin dù nítorí Jésù. Bí òun bá sọ̀rọ̀, òun á di arúgbó kan tó yan búrẹ́dì tútù, tí wọ́n lé lọ nítorí búrẹ́dì tútù. Ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn?

Ó ní nínú ara rẹ̀, “Olúwa, ibo lo wà báyìí?” Ó wo ibi tí òun ti ń jó láàárọ̀, kò rí i níbẹ̀. Ó wá wo Apòyẹ̀fun, tó ń jìyà ohun tí kò ṣe, tó sì pa ẹnu mọ́. Háà! Ibẹ̀ yẹn ló wà. Ibi tí Olúwa máa ń dúró sí náà nìyẹn. Ìyá Ààrò gbé ẹsẹ̀, ó lọ dúró síbẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ má lé e. Èmi ni mo fà á jáde láìjinná. Orin mi ló sáré jù.”

“Orin wo? Mi ò gbọ́ orin kankan.”

“Nínú ikùn ni, ọ̀gá. Inú mi ló dùn jù.”

“Kí ló mú inú yín dùn?”

“Ẹ̀yin ni. Pé ẹ ń ṣe inúnibíni sí mi.”

Máníjà jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun láìmọ̀, ṣòkòtò dúdú rẹ̀ funfun títí dé ìdí. “Àwọn ọmọ ilé ìwé máa jẹun ní wákàtí mẹ́ta sí i,” ó ní, bí ẹni fẹ́ sunkún. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. “Ìṣẹ́jú mélòó ló yẹ kó lò nínú iná?”

“Mi ò mọ̀, ọ̀gá. Ìgbà méje ni.”

“Ó dáa. Apòyẹ̀fun, padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá, ẹ kọ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ sílé yín. Àmọ́ ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò.”

“Ọ̀gá mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá yọ ọ́, orin á kúrú, a tún máa jẹ ìyẹ̀fun tútù ni.”

“Ẹ fi nǹkan míì dí i!”

“Bíi kí ni?”

“Ohunkóhun! Ẹ fi èmi sí i!”

Ìyá Ààrò, onígbọràn èèyàn, gbìyànjú rẹ̀ wò: “*Máníjà dúró tì mí, ara mi yá…*”

Apòyẹ̀fun bú sẹ́rìn-ín, ó fi orí gbá ọpọ́n ìyẹ̀fun. Ẹ̀rín pa Máníjà náà, ó fẹ́ gbé e mì, kò ṣeé gbé mì, ó jáde ní imú. Ìyá ní, “Kò lè ṣeé ṣe, ọmọ mi. Ibi tí mo ń dúró sí yìí, bí ẹ bá dúró tì mí níbẹ̀, iná máa jó yín.”

“Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́,” ni Máníjà sọ, ó ń nu ojú. “Ẹ ṣáà kọ ọ́!”

Nígbà tí ìyẹ̀fun tuntun wú tán, ó kọ ọ́. Kò sáré, kò sì fà. Kò rántí gèlè, kò rántí àtẹ́wọ́. Apòyẹ̀fun ń kà á láti yàrá kejì, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ayọ̀ kan wá rọra wọ inú Ìyá Ààrò, ó dákẹ́, ó wúwo, ó gbóná bí ọmọ tó sùn léèyàn lẹ́yìn. Ó rí i pé dídúró ti Olúwa yìí ni òun ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí, òun kàn ń pè é ní orúkọ mìíràn.

Búrẹ́dì igba jáde, gbogbo rẹ̀ jinná. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Máníjà jẹ odindi kan ní ìdúró, ó tún mú ìdajì òmíràn.

“Ẹ wá lọ́la,” ó ní, ẹnu kún. “Mi ò tíì fẹ́ràn orúkọ yẹn o!”

“Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹun.”

Máníjà ní kí wọ́n kó àwọn búrẹ́dì tútù yẹn lọ. Ìyá gé wọn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó tún wọn yan títí wọ́n fi gbẹ, tí wọ́n ń rún wómúwómú lẹ́nu. Nírọ̀lẹ́, Apòyẹ̀fun bá a gbé àpò náà dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó ní ẹrù ló wúwo, pé òun ò bá ti Jésù wá. Ó jókòó ṣáá.

Ìyá Ààrò dìde. “Ẹ̀yin ará, wọ́n ṣe inúnibíni sí mi láàárọ̀ yìí. Kò tiẹ̀ pé wákàtí mẹ́ta, mo ti fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́!”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi “Máníjà dúró tì mí,” káfíńtà rẹ́rìn-ín títí gbogbo ayé fi rí ibi tí eyín méjì ti lọ. Télọ̀ gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n jẹ búrẹ́dì yẹn títí àpò fi ṣófo. Wọ́n wá gbọn èérún kúrò lára aṣọ, wọ́n di ara wọn mú, oníkálukú sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ikùn kún, ẹ̀rín kún ẹnu. Títí Apòyẹ̀fun fi yà sí àdúgbò tirẹ̀, wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, tó ń kọ orin náà, tó sì ń kà á.