Láníyì Lẹ́nu Géètì

Orí páànù ilé bàbá wọn ní Ìsẹ́yìn ni Ìbídùn ti bá ara rẹ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó wà lórí ẹní. Oòrùn ń ràn gan-an, síbẹ̀ páànù náà kò gbóná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó tutù bí ara ìkòkò omi. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀, kò rí àgbàlá, kò rí kànga, kò rí igi ìbẹ́pẹ tó yẹ kó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Páànù ilé mìíràn ló kàn ń bá ara wọn lọ, gbogbo wọn ti dípẹtà, títí ojú kò fi tó wọn mọ́, kò sì sí ìró kankan níbẹ̀, àní ti àkùkọ. Ẹ̀rù kò bà á. Ohun tó ń rò ni pé ta ló gbé òun gun orí ilé láìlo àkàbà, òun tí kì í lè dúró lórí àga lásán láti gbá jàǹkáríwọ̀ kúrò lára ògiri.

Ó yíjú sọ́tùn-ún. Láníyì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ó lóṣòó, ó ń to bátìrì sínú oòrùn.

Bó ti máa ń ṣe é náà ló ń ṣe é. Á mú ọ̀kan, á deyín mọ́ ọn níwọ̀nba, á yí i padà, á tún deyín mọ́ ìdí rẹ̀, á wá tẹ́ ẹ sínú kòtò páànù kó má baà yí ṣubú. Nílé wọn nígbà náà, bátìrì kì í kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, wọn á deyín mọ́ ọn, wọn á sá a sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, á sì tún ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì sí i. Ẹni tó bá ju bátìrì nù láìsá a rárá, olówó ni, tàbí òmùgọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùọ̀dá Láníyì," Ìbídùn ní. Ó ti wà lórí eékún kó tó rántí pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òun báyìí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sì ni ẹni tí òun ń kúnlẹ̀ fún. Láníyì kò fi ọjọ́ kan dàgbà sí i. Irun mẹ́ta tó fi ń yangàn ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, mẹ́ta náà ló ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kì í di àbúrò. Ó dúró lórí eékún rẹ̀.

"Dìde, Àbẹ̀ní," Láníyì fi oríkì rẹ̀ pè é, láìgbójú sókè. "Wàá tẹ páànù Bàbá."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó gbé Láníyì wá lọ́sàn-án gangan, ọ̀rọ̀ káséètì kan ni. Bàbá wọn ló ra géèmù àfọwọ́mú kan bọ̀ láti Kútọnù, tòkúnbọ̀ ni, káséètì kan ṣoṣo ló sì bá a wá, kékeré bíi bisikíìtì. Arìnrìn-àjò kan tó mú idà lọ́wọ́ ló wà nínú rẹ̀, tó ń la igbó kọjá, tó ń la odò kọjá. Láníyì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ arìnrìn-àjò náà. Àyè lẹ́tà márùn-ún péré ló wà, ló bá di LANIY. Ohun tó dára jù nínú káséètì yẹn ni pé ó ń rántí. Béèyàn pa á lónìí tó sì tàn án lọ́la, ibi tó dé gan-an ló máa bá a.

Ọdún kan gbáko ni Láníyì fi rin ìrìn náà, títí ó fi dé ẹnu géètì onírin ńlá kan. Ibẹ̀ ló dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn, nítorí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ó gbé géèmù náà lé Ìbídùn lọ́wọ́, ọmọ ọdún méjìlá ni Ìbídùn nígbà náà, ó ní, "Má tẹ nǹkan kan níbẹ̀ o, títí n ó fi dé."

Kò dé mọ́.

Ìbídùn ò sì tẹ nǹkan kan. Ọdún méjìlélógún! Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ tí Láníyì jáde nílé bá ti pé, á ra bátìrì tuntun méjì sínú géèmù, á tàn án, á wo arìnrìn-àjò náà níbi tó dúró sí, tí idà rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń mí, á sì pa á. Kì í ṣe pé kò wù ú láti wọlé. Olùkọ́ ìṣirò ni, kò sì fẹ́ràn ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó rò pé ọba ló wà lẹ́yìn géètì yẹn. Nígbà tó dàgbà, ó rò pé òkun ni. Kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó rò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó pàṣẹ ti lọ. Ọ̀dọ̀ ta ni yóò ti lọ gba àyè?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tàn án tí kò bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì. Ojú géèmù mọ́ kedere, ó ń béèrè orúkọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó pa á, ó tún un tàn, ìgbà kẹrin ni Láníyì tó yọjú. Ló bá sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe lópòópónà wọn.

Ọ̀gá Múfú yí káséètì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ìyá Mofẹ́, bátìrì mìíràn wà nínú èyí fúnra ẹ̀, pẹlẹbẹ báyìí, bíi bọ́tìnnì. Òun ló ń bá yín rántí. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, iná lásán ló ń tàn."

"Mi ò mọ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀."

"Màá pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ tí mo bá ti yọ ọ́, gbogbo ohun tó rántí lọ nìyẹn."

"Tẹ́ ò bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ó máa lọ náà ni. Lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló mọ̀? Ó ti ń mí gúlegúle."

Ìbídùn gba káséètì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì ọkùnrin náà bí ẹni tó já ọmọ gbà lọ́wọ́ gbọ́mọgbọ́mọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀. Bó bá fi sílẹ̀, Láníyì á parẹ́. Bó bá tún un ṣe, Láníyì á parẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa jẹ́ ẹni tó pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án Sátidé yìí, bí òjò ti ń ṣú, ó gbé géèmù náà lé àyà lórí àga gígùn pálọ̀, oorun sì gbé e lọ.

Lórí páànù, Láníyì na bátìrì kan sí i. "Deyín mọ́ ọn. Eyín tìẹ ṣì lágbára."

Ìyá wọn ti kìlọ̀ fún wọn láti kékeré pé ẹni tó bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ òkú lójú àlá, kó yáa máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé a lè ka bátìrì sí oúnjẹ? Ìbídùn rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ojú àlá kọ́ ló yẹ kéèyàn ti dán irú ẹ̀ wò.

"Ẹ má bínú, Bùọ̀dá. Eyín ń ro mí."

Láníyì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Màámi." Ó deyín mọ́ ọn fúnra rẹ̀.

"Bùọ̀dá, bátìrì inú káséètì yín ń kú lọ."

"Bátìrì wo ni kì í kú?"

"Ṣé ẹ ò lè bá mi sá òun náà sóòrùn?"

"Èyí tó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn?" Ó mi orí. "Ó ti ṣe gudugudu méje. Jẹ́ kó sinmi, Àbẹ̀ní."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n má tẹ nǹkan kan títí ẹ ó fi dé."

Láníyì gbójú sókè nígbà náà. Ẹnu yà á. "Èmi?" Ó họ orí, ó rántí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bátìrì mi lò ń jẹ tán! Wàá máa tẹ̀ ẹ́ gbàgà gbàgà, wàá sì sùn lọ láìpa á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Kí ló tún kù? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo rò pé n ó lò n'Íbàdàn."

Ọjọ́ mẹ́ta. Inú bí Ìbídùn, ẹ̀rín sì gbọ̀n ọ́n, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó bi í ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ọmọdé. "Bùọ̀dá, kí ló wà lẹ́yìn géètì yẹn?"

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́." Ó súnmọ́ ọn, ojú rẹ̀ ń dán. "Mi ò wọ̀ ọ́ rí. O ò tíì wò ó? Ìwọ tó o tú aago Bàbá palẹ̀ nítorí pé o fẹ́ rí ẹni tó ń lù ú nínú?"

"Mo rò pé tí mo bá kàn án, ẹ̀yin..."

"Ṣé inú káséètì lo rò pé mo wà ni? Ká ní ibẹ̀ ni mo wà, ẹsẹ̀ ì bá ti máa ro mí."

Ó kó àwọn bátìrì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìṣẹ́tí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dìde. "Òjò ń bọ̀," ó ní. Ó bá apá kejì páànù sọ̀ kalẹ̀, níbi tí kò sí àkàbà, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ìbídùn fẹ́ pè é, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí lu páànù.

Páànù ilé tirẹ̀ ni òjò ń lù. Mofẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó nídìí àga, ó ń wò ó.

"Màámi, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹ ní eyín ń ro yín."

Ìbídùn tan géèmù. Òfìfo. Ó pa á, ó tún un tàn. Òfìfo. Ìgbà keje ni Láníyì tó yọ lẹ́nu géètì, ó ṣú, kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Súnmọ́ mi," ó sọ fún Mofẹ́. Ó tẹ iwájú.

Géètì ṣí. Gbọ̀ngàn kan ló wà níbẹ̀, ó gùn, ó ṣókùnkùn, ẹran ńlá olórí mẹ́ta kan sì dìde ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ìbídùn kò mọ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi yọ idà. Ọdún méjìlélógún ló fi ń wòran, ìran wíwò kò sì kọ́ni níjà. Ẹran náà lu arìnrìn-àjò lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ṣubú. Orin kékeré kan dún, ó dákẹ́.

"Màámi," Mofẹ́ ní, "ó kú."

Ìbídùn la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bi í léèrè Láníyì: pé ó rìnrìn àjò, pé ó lọ sinmi, pé Ọlọ́run ló pè é. Ó pa gbogbo wọn tì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó kú."

Ẹnu rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Omijé dà, kò nù ún, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ẹkún náà kò wúwo tó bó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọdún méjìlélógún wá. Nínú ẹkún náà gan-an, ó ń rò ó bóyá ẹran olórí mẹ́ta yẹn ni ìparí, àbí ọ̀nà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yọ káséètì náà. "Lọ mú agboòrùn wá. Ká lè bá Ọ̀gá Múfú kó tó tilẹ̀kùn."

"Ká lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kó fi bátìrì tuntun sí i." Ó fa gèlè rẹ̀ le. "Kí n tún ọ̀nà yẹn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹran burúkú yẹn ò lè pa ẹ̀gbọ́n mi gbé."