Owó Kò Yí Bàbá Mi Padà

Bí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnìkan ń yin bàbá mi pé owó dé sí i lọ́wọ́, kò sì yí i padà, ẹ bá mi sọ fún onítọ̀hún pé kó dákẹ́. Mo ti gbọ́ ìyìn náà títí etí mi fi di.

Télọ̀ ni bàbá mi. Iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì yíyí. Bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ bá gbó, yóò tú u, yóò yí inú rẹ̀ síta, yóò rán an padà, ṣẹ́ẹ̀tì á sì tún dà bí tuntun. "Ẹ̀gbẹ́ kan ló gbó," ni yóò máa wí, "ẹ̀gbẹ́ kejì ò tíì ṣiṣẹ́ kankan." Kì í sọ òwú tó bá tú nù, á ká a mọ́ pátákó kékeré kan. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ṣọ́wóná, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n fi bí i lọ.

N kò bínú sí gbogbo ìyẹn. Nígbà tí a kò ní, kí la fẹ́ ná? Ìyá mi ló máa ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi bá ṣe tán, ojú fèrèsé yàrá wa ní àjà kẹrin ló sì ti ń ṣe é. Àmọ́ orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Fún ọdún méjì gbáko, kò sọ̀ kalẹ̀ àfi ìgbà mẹ́ta tí a gbé e lọ rí dókítà. Agbọ̀n tí a so okùn mọ́ ló ń jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé kí oníbúrẹ́dì lè fi búrẹ́dì sí i. Òun tí kì í lè jókòó sílé, tó jẹ́ pé bó bá kí èèyàn mẹ́ta lójú pópó, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀! Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kò ráhùn rárá, torí bàbá mi máa ń sọ fún un pé, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣe sùúrù. Ọjọ́ tí owó bá dé, ìsàlẹ̀ la ó máa gbé."

Owó dé. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan wà tí bàbá mi rà ní ọ̀pọ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló lè kọ́lé síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ la ojú irin gba ibẹ̀. Owó tí wọ́n san, bí bàbá mi bá ń yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì fún igba ọdún, kò ní rí ìdajì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje lù, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, bàtà tó ti lẹ̀ nígbà mẹ́rin ló sì wọ̀. Àdúgbò pàtẹ́wọ́ fún un. "Ẹ wo èèyàn gidi! Owó ò gùn ún o!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ṣì ń ronú bó ṣe máa ṣe é ni.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ẹni tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé wa gan-an kó jáde. Àánú ìyá mi ń ṣe ìyá onílé, ló bá fi yàrá náà lọ̀ wá kó tó fi lọ ẹlòmíì. Ó fún wa di ọ̀sán Sátidé. Bàbá mi ní owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti òkè lọ. Díẹ̀! Mo ní kó jẹ́ kí n máa fi owó tí mo ń rí nídìí aṣọ lílọ̀ san díẹ̀ náà. Ó ní láéláé, ọmọ òun kò ní sanwó ilé fún òun nígbà tí òun lówó lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà!

Láàárọ̀ Sátidé, mo gun òkè lọ bá òun àti ìyá mi nílé.

"Bàbá mi, ẹnìkan ń bọ̀ wá gba yàrá yẹn lọ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń tú. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

"Eku yín ti di màlúù!"

"Ibí ti mọ́ ìyá rẹ lára. Ẹsẹ̀ kan náà ló sì ń dùn ún. Ẹsẹ̀ kejì ṣì wà bó ṣe wà."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá mi ló kà sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì! Inú bí mi gidigidi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá rẹ̀ ti dé ètè mi, àmọ́ ìyá mi ti gbé bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti di ògiri mú, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lo ń lọ?" bàbá mi bi í.

"Ìsàlẹ̀."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú, ó fi ìdí wọ́ bọ́ sórí èkejì. Mo fẹ́ gbé e, ó gbá ọwọ́ mi dànù. "Fi mí sílẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti fi ń ro bí mo ṣe máa ṣe é."

Àtẹ̀gùn yẹn kò ní fèrèsé. Iná mànàmáná la fi ń ríran níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Bàbá mi tẹ̀ lé wa. Mo rò pé ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. A ti ń fi àjà kẹta sílẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe: ó ń pa iná. Bí ìyá mi bá ti wọ́ kúrò ní àjà kan, á pa iná ibẹ̀, kó má baà jó lásán. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ohun tó ń bí èèyàn nínú, n kò rí irú èyí rí. Ìyá mi náà rí i. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀.

"Bàbá wọn," ó ní, láìbojú wẹ̀yìn, "mo bá yín fara da àìní, kò dùn mí. Ahun ni n ò lè bá yín fara da."

Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin ni. Nígbà tí a fi délẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Ìyá onílé àti ọkùnrin tó fẹ́ gba yàrá náà ń wọlé bọ̀, àwọn méjèèjì sì dúró sójú kan.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ìyá mi sọ fún ọkùnrin náà láti orí àtẹ̀gùn ìkẹyìn, "mo ti gba yàrá yẹn. Ọkọ mi ló máa san án."

Gbogbo wa wo bàbá mi. Ojú tì í, ó rẹ́rìn-ín, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. A kò tíì gbé ìyá mi dìde nílẹ̀ o! Ó ń ná an lọ títí ó fi sú ìyá onílé, ìyẹn sì yọ díẹ̀ kúrò. Inú bàbá mi dùn.

"Ó parí. Ẹ jẹ́ kí n lọ pe àwọn tó máa bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀dì ta ni?" ìyá mi bi í. "Èmi nìkan ni mo gba yàrá yìí. Ẹ̀yin, ẹ máa gbé òkè. Ibẹ̀ ni kò wọ́n."

Ìyá onílé wo ìyá mi, ó wo bàbá mi. "Ṣé yàrá méjèèjì lẹ máa wá máa san?"

"Méjèèjì," ìyá mi dáhùn.

Bàbá mi ki ọwọ́ bàpò, ó yọ owó, ó sì san án. Ìyá mi na ọwọ́ sí mi, mo gbé e dìde.