Lẹ́ńsì Tí Kì í Ríran Lókèèrè

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló fi kámẹ́rà ya egbò tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, tó fi aṣọ dí imú, tó fa lẹ́ńsì gùn dé òpin. Ilé ìwòsàn jìnnà, dókítà sì ń retí àwòrán náà lórí fóònù kó lè mọ ohun tó máa ṣe sẹ́sẹ̀ ọ̀hún. Èsì kan náà ni dókítà ń fún un: kò hàn, ẹ tún un yà.

"Kámẹ́rà yìí ló ń ṣe wèrè," lọmọ ń wí.

Irọ́ ni. Ayàwòrán lọmọ ọ̀hún, ẹni tó sì ti ń ya òrùka ìgbéyàwó fọ́dún mọ́kànlá mọ lẹ́ńsì ẹ̀ bí ẹní mowó. Wọ́n kọ mákírò, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya nǹkan kékeré, sí i lára lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí lẹ́ńsì bá kúrú jù lọ ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó, àfi kó gbé e sún mọ́ nǹkan náà bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó ń sá fún nìyẹn. Òórùn egbò yẹn ń rí i lára, ọyún ibẹ̀ ń wá sí i lọ́kàn tó bá ń jẹun.

Aránṣọ nìyá ẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ ìrora mọ́, kò sì mọ ìgbà tí nǹkan gún un lẹ́sẹ̀. "Má bínú, ọkọ mi," ló ń sọ fọ́mọ ẹ̀, "mo mọ̀ pé ó ń rùn."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, dókítà ní bóun ò bá rí inú egbò náà, ẹsẹ̀ yẹn máa di gígé. Ọmọ bá yí lẹ́ńsì sí mákírò, ó kúnlẹ̀, ó di èémí mú, ó sún mọ́ ọn títí òjìji kámẹ́rà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹsẹ̀ náà. Ó yà á. Nínú àwòrán ọ̀hún, láàárín ọyún, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tó ti kán ń dán.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì yọ abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì mọ́ ọn, torí wọ́n ti jẹrà.

"Ká ní a rí irú àwòrán yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni," nọ́ọ̀sì wí, "abẹ́rẹ́ nìkan là bá yọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá ló dáhùn látorí bẹ́ẹ̀dì. "Kámẹ́rà ẹ̀ ni ò dáa. Ara mi ò lè rí ọmọ mi lára láéláé."

Ọmọ ò lè gbójú sókè. Ara òun fúnra ẹ̀ ló wá ń rí i lára.