Orúkọ Tí Ẹnu Mi Lè Pè

Ilé wa kò ní ògiri nínú àlá náà. Ibùsùn wà níbẹ̀, ìkòkò omi wà níbi tí ó máa ń wà, ṣùgbọ́n àgbàdo ni ó dúró yí wa ká níbi tí ó yẹ kí ògiri wà. Àgbàdo gbígbẹ ni. Ewé rẹ̀ ń mì, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kò fẹ́, n kò sì gbọ́ ariwo kankan. Mo fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó tutù tàbí ó gbóná.

Bí mo ṣe rí i ni mo ń sọ ọ́. N kò fi nǹkan kan kún un.

Ọkọ mi jókòó lórí àpótí rẹ̀. Agbọ̀n wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yin àgbàdo. Ẹ̀wù oko rẹ̀ ni ó wọ̀, èyí tí mo fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ní èjìká. Mo kọ́kọ́ wo orí rẹ̀, nítorí orí ni igi náà bà. Kò sí ọgbẹ́ níbẹ̀. Irun nìkan ni mo rí, irun tí ó ti tó gẹ̀.

Oyún mi ti hàn dáadáa nígbà tí igi wó pa á lóko. Kò rí ọmọ náà. Ọmọkùnrin ni mo bí. Ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsọmọlórúkọ ni mo sùn lọ tí mo lá àlá yìí, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi wọlé wá bá mi.

"Ìyàwó, a ti rí orúkọ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni yóò jẹ́. Ọdẹ́wálé."

"Ẹ ṣeun, Ìyá wa," ni mo wí, mo sì wo ilẹ̀.

Kí ni kí n sọ? Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ rẹ̀, àárọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú ilé yìí. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn, Olóko ni mo ń pè é, n kò fẹnu kan orúkọ rẹ̀ rí. Gbogbo ilé yóò máa pe ọmọ mi bí ó ṣe wù wọ́n. Èmi tí mo bí i nìkan ni n kò ní lè pè é. Bí ó bá ń sáré lọ sójú títì ńkọ́? Ṣé kí n máa pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tí ń lé adìẹ?

Wọ́n ní kí n wá orúkọ kejì fúnra mi, èyí tí yóò bá àkọ́kọ́ mu. Ìyá Ṣíjú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, kó orúkọ wá bá mi.

"Ẹkúndayọ̀ ńkọ́? Ọdẹ́wálé Ẹkúndayọ̀. Gbọ́ bó ṣe ń dún!"

"Ẹkún ta ló di ayọ̀, Ìyá Ṣíjú? Tèmi ṣì wà bó ṣe wà."

"Ó dáa, Ọláníyì."

"Ọlá wo? Ẹ wo inú yàrá yìí."

"Ẹnu rẹ yìí! Ṣé Ebi-ń-pa-wá lo fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó jáde, ẹ̀rín náà bá a jáde. Àwọn orúkọ tí ó kó wá dára, n kò ní wọn kò dára. Ṣùgbọ́n orúkọ tí n óò máa pè láàárọ̀ lálẹ́, tí yóò sì máa parọ́ fún mi, n kò fẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń rò ó ni oorun gbé mi lọ.

"Àríkẹ́," ni ọkọ mi wí nínú àlá náà.

Oríkì mi ni. Láti ìgbà tí ó ti lọ, kò sí ẹni tí ó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè mí.

"Olóko, ẹ kú ilé."

"Wá bá mi jókòó."

Ohun tí ó máa ń sọ nírọ̀lẹ́ nìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì bi í. Bí ó bá ti oko dé tí ó sì wẹ̀ tán, yóò fa àpótí tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, yóò ní kí n wá bá òun jókòó, a ó sì máa yin àgbàdo. Àtàǹpàkò mi kò lágbára láti ṣí ìlà àkọ́kọ́, níbi tí àwọn ọmọ àgbàdo ti fún mọ́ra. Òun ni ó máa ń ṣí i. Yóò yin ìlà kan láti òkè délẹ̀, yóò wá gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí ìlà kan bá ti kúrò, àwọn yòókù kò nira mọ́.

"Àtàǹpàkò rẹ yìí," ni ó wí, "ṣé ó ti gbọ́n?"

"Rárá o."

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò gbé ojú sókè.

"Ọkùnrin ni mo bí."

"Mo mọ̀."

"Orúkọ yín ni wọ́n fún un. Mi ò lè pè é."

Ó ń yin àgbàdo lọ. Mo rí i tí ọmọ àgbàdo ń bọ́ sínú agbọ̀n, n kò gbọ́ ìró wọn.

"Ẹ fún mi ní orúkọ kan, Olóko. Èyí tí mo lè pè."

Ó wò mí nígbà yẹn. Ó na àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ìlà kan ti ṣí lára rẹ̀.

"Mo ti ṣí i," ni ó wí. "Jókòó."

Mo wá àpótí mi, n kò rí i. Mo yíjú wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo tún yíjú padà, àgbàdo ni ó dúró níbi tí ó jókòó sí, ewé rẹ̀ sì ń mì.

Mo jí. Ẹsẹ̀ ọmọ ni ó wà lọ́wọ́ mi. Àtàǹpàkò mi wà lórí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò, mo ń tẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Àpótí méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gèlè mi wà lórí tèmi. Kò sí nǹkan kan lórí tirẹ̀.

N kò sunkún. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ìyá ọkọ mi fi tún wọlé.

"Ìyàwó, ṣé o ti rí orúkọ kejì?"

"Bánjókòó ni, Ìyá wa."

Ó káwọ́ lérí. "Háà! Orúkọ àbíkú! Ọmọ tí kò kú rí, o fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ kó má lọ? Ta ló sọ fún ọ pé ó ń lọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Olóko máa ń sọ fún mi nìyẹn bí wọ́n bá ti oko dé. Wọ́n á ní, wá bá mi jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo ní tí kì í ṣe irọ́."

Ìyá ọkọ mi yíjú sí ògiri. Ó wo àpótí ọmọ rẹ̀, kò jókòó lé e.

"Ọdẹ́wálé," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bánjókòó." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ọdẹ wálé, ó jókòó. Ọmọ tèmi kò wálé lọ́jọ́ náà." Ó mi orí. "Ó bá a mu. Jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn."

Ó jáde. Mo gbọ́ ohùn wọn lágbàlá, Ìyá Ṣíjú ń jiyàn, lẹ́yìn náà kò jiyàn mọ́. Mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ọ̀la ni ó yẹ kí n tó pè é, mo mọ̀.

"Bánjókòó," ni mo wí.

Kò dáhùn, ó ń wá ọmú. Mo tún pè é, kí ohùn kan lè wà nínú yàrá náà.