Ẹni Tó Wúkọ́ Sórí Àwo

Bàbá Kòkòrò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí kòkòrò àìfojúrí tí kò mọ̀ tìrantìran. Ohun tí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń panu mọ́. Láràárọ̀ ló máa ń wọ yàrá ìwádìí, tí á ṣí ìdérí àwọn àwo pẹlẹbẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́, ń sin kòkòrò sí, tí á tẹ̀ ba lé wọn, tí á sì máa ṣàlàyé lọ rẹrẹẹrẹ. Ta ni yóò sọ fún un pé itọ́ ń ta sínú àwo?

Nígbà tó yá, àwọn àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kòkòrò aláwọ̀ ìyeyè kan tí ẹnikẹ́ni ò fi síbẹ̀ bo gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin náà fẹ́ fi gboyè ọ̀mọ̀wé ń wọmi lọ. Bàbá Kòkòrò ò tiẹ̀ wádìí. Níwájú gbogbo ẹ̀ka, ó ní ọwọ́ ọmọ náà ló dọ̀tí.

"Lọ fọwọ́ ẹ dáadáa," ló wí. "Tó bá tún ṣẹlẹ̀, o máa kúrò nínú yàrá yìí ni."

Ó tún ṣẹlẹ̀. Bàbá Kòkòrò wá ní kí wọ́n ṣe ohun tí ẹ̀ka wọn máa ń ṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀: kí oníkálukú mú àwo tuntun kan, kó fìka tẹ̀ ẹ́, kó wúkọ́ sí i, kó sì lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Òun náà wúkọ́ sí tirẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré. Níbi ìpàdé tí wọ́n ti fẹ́ lé ọmọ náà ni wọ́n máa ti wo àwọn àwo ọ̀hún.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí ẹ̀rọ tí wọ́n kó àwọn àwo sí. Ti ọmọbìnrin náà mọ́ tónítóní. Tirẹ̀ ni kòkòrò ìyeyè kún bámúbámú. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀ sórí àwo ọmọ ọlọ́mọ. Ojú tì í débi pé ó bojú wẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ìtìjú yẹn ò sì jẹ́ kó ronú. Ó ṣí orúkọ kúrò lára àwo méjèèjì, ó pààrọ̀ wọn.

Níbi ìpàdé, obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka gbé àwo ìyeyè sókè, ó ka orúkọ tó wà lára àwo náà: ti ọmọbìnrin náà ni. Ọmọbìnrin náà wo àwo náà títí. Ó kọjú sí Bàbá Kòkòrò.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Mo rò pé mo ti ń fọwọ́ mi dáadáa ni." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Oògùn apakòkòrò tó fi ń fọ̀ wọ́n ti bó wọn, àtẹ́lẹwọ́ ti sán, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sáàárín ìka. "Màá wá èyí tó le ju báyìí lọ."

Ó wu Bàbá Kòkòrò kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Èmi ni," ló sọ. Ó dìde dúró. "Èmi ni mo ni àwo yẹn, mo pààrọ̀ orúkọ láàárọ̀ yìí. Ẹnu mi ló ń ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀."

Olórí ẹ̀ka gbé àwo sílẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Bàbá Kòkòrò ń retí kí ọmọbìnrin náà bú òun, ìyẹn ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ náà kàn wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì rọra kó ọwọ́ méjèèjì sínú apá aṣọ rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí wọn mọ́.